Ẹ̀ẹ̀melòó Ni Mo Pè Ọ́?

Òórùn láfún ni ó máa ń kọ́kọ́ bá mi bí mo bá ń rántí abúlé náà, òórùn kíkan tí ẹ̀gẹ́ máa ń ní lẹ́yìn tí ó bá ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú omi, tí wọ́n wá bù ú sórí àpáta kí oòrùn gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn abúlé náà, ní ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀dẹ̀dá, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo rẹ̀ a máa funfun báláú, àwọn obìnrin a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, wọn a máa lé ewúrẹ́ àti adìẹ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ni màmá onílé mi. Ọ̀rọ̀ èmi àti rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, tí kò sì sí ẹni tó bi mí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Ìjọba ti sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, ọmọ kún kíláàsì bí eéṣú, olùkọ́ kò sì tó. Bí wọ́n ṣe gba irú àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní girama nìyẹn, tí wọ́n sì pín wa káàkiri abúlé. Mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, mo ga, mo tínrín, mo sì rò pé mo gbọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó ń tàbùkù mi ni pé mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Láìní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ilé-ìwé gíga tó máa gbà mí, bí mo tilẹ̀ mọ ìṣirò bí ẹni tó bí i.

Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí mi, nínú agbo ilé àwọn aláró. Nínú ilé wa, bí ènìyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi kó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyá mi ń tà, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń rẹ aṣọ, àwọn ọmọ ń sunkún, ẹnìkan ń kírun, ẹnìkan ń dúnàá-dúrà. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n rí ibi tó dákẹ́ gbé kí n lè ka ìwé mi. Àdúrà náà gbà ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ní abúlé yẹn, bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, àwọn ọmọ a ti sá lọ sóko, ọ̀gá ilé-ìwé a ti gun alùpùpù rẹ̀ padà sí Abẹ́òkúta, èmi nìkan a wá kù pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé àti àwọn alángbá. Àwọn ará abúlé ń bọ̀wọ̀ fún mi. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n máa ń wí, wọn a sì kọjá lọ. Kò sí ẹni tó ń dúró. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kì í báni jẹun. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń ka ìwé sókè nínú yàrá mi, kì í ṣe torí àtimọ̀ ọ́n, bí kò ṣe pé mo fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn.

Màmá onílé mi nìkan ni kò pè mí ní Tíṣà. Opó ni, ó ti tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, ó dúdú, ó sì máa ń rìn kánmọ́kánmọ́. Ní ọjọ́ tí mo gbé ẹrù mi dé, kò béèrè orúkọ mi. Ó gba àpótí lórí mi, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Kí ni oríkì rẹ?"

Ó ṣe mí bákan, torí kò sí àlejò tó ń béèrè irú ìyẹn. Mo ní, "Àbẹ̀ní ni, mà."

"Ẹ̀hẹ́n. Àbẹ̀ní, wọlé. Ilé rẹ rèé."

Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀ tí mo bá kúnlẹ̀ kí i, oríkì yẹn ni yóò fi dá mi lóhùn, yóò fà á gùn bí ìyá mi ṣe máa ń fà á. N kò jẹ́ parọ́, nǹkan tí mo ń tìtorí rẹ̀ jí nìyẹn. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni òun, a kò jọ kọ́ irú àdúrà kan náà, síbẹ̀ bí ó bá ti pè mí tán, ara mi a balẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ mẹ́rin ló bí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un, ìyẹn ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Kàdúná. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ní pálọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Kérésìmesì méjì ti kọjá tí kò wálé. Màmá kò fi ṣe ẹjọ́. Ó kàn máa ń ní, "Àjàní ń bọ̀," bí ẹni pé ọmọ náà lọ pọnmi lódò ni.

Ní ọjọ́ Sátidé, èmi a wọ ọkọ̀ láti Ọ̀dẹ̀dá lọ sí Kútọ̀, níbi tí bàbá olùkọ́ kan ti ń kọ́ àwa tí a fẹ́ tún ìdánwò ṣe. Bàbá náà le bí ojú ẹja. Lẹ́tà kíkọ ló fẹ́ràn jù. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo débẹ̀, mo parí lẹ́tà mi pẹ̀lú "I am looking forward to hear from you." Ó fi yíǹkì pupa yí i ká, ó gbé ìwé náà sókè lójú gbogbo kíláàsì, ó ní kí n sọ ẹni tó kọ́ mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè títí a fi túká. Ó ní "hearing" ni, ó ní ẹni tó bá gba ibẹ̀ yẹn láìṣì í ti fi hàn pé òun mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún ní lẹ́tà gidi kì í gùn, kì í tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, kì í sì í jókòó sídìí ìkíni. "Kí ẹni kan, sọ ohun tó gbé ọ wá, kí o sì parí rẹ̀ dáadáa," bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wí.

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni gba oògùn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ilé bá ti dá, mo máa ń jókòó sídìí fèrèsé, màá máa kọ lẹ́tà. Nígbà tí n kò ní ẹni tí mo lè kọ ọ́ sí, mo dá àwọn ènìyàn sílẹ̀ fúnra mi. Mo kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ kan ní Gánà tí kò sí láyé, sí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí ìyá mi kò bí, sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí wọn kò tíì dá sílẹ̀. Gbogbo wọn ni mo parí pẹ̀lú pé mo ń retí èsì wọn, mo sì kọ ọ́ láìṣì. Ìwé mẹ́ta ni mo fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kún. Lónìí tí mo bá rò ó, ẹ̀rín a pa mí, lẹ́yìn náà ẹ̀rín ọ̀hún a sì gbẹ. Ta ni ọmọbìnrin yẹn rò pé ó máa dá òun lóhùn?

Láfún ló kọ́kọ́ tú àṣírí ojú Màmá. Láfún rẹ̀ lókìkí, kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀, àwọn oníbàárà máa ń ti Ọ̀dẹ̀dá wá rà á. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé tirẹ̀ padà wá, ó rọra ní, "Màmá, ẹ má bínú, èèpẹ̀ ló wà nínú eléyìí." Màmá bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i sápá òsì, ó yí i sápá ọ̀tún. Mo rí i pé kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń kíyè sí i pé ó ti ń fọwọ́ tọ ògiri, pé ewúrẹ́ á ti máa jẹ láfún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó gbọ́ ìró ẹnu rẹ̀.

Èmi ni mo mú un lọ sí ọsibítù ní Abẹ́òkúta nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde. Dókítà tan iná sí ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọ̀kan ti lọ, èkejì ń tẹ̀ lé e, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá ohun tó ti lọ padà. Ó ní ó lè tó oṣù mẹ́ta, ó lè máà tó o. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá lórí bẹ́ǹṣì níta. Kò sunkún. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Oṣù mẹ́ta. Ìyẹn á jẹ́ ìgbà tí àgbàdo bá gbó."

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí sí ojúde.

"Jókòó, Àbẹ̀ní. Mú ìwé, mú bíró. Àjàní ni mo fẹ́ kọ̀wé sí. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí o ṣe máa kọ ọ́."

Mo jókòó. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orókùn, ó kọjú sí ọ̀nà.

"Àjàní. Àjàní. Àjàní. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pè ọ́?"

Ó tẹ́tí bí ẹni pé èsì ń bọ̀ láti Kàdúná. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àlàáfíà ni mo wà. Ilé ò jò. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì. Mo ti gbin àgbàdo. Kí àgbàdo náà tó gbó, mo fẹ́ wo ojú rẹ. Ó tán."

Mo ní, "Ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ ohun tí dókítà wí, mà?"

"Háà, ọmọ yìí! A kì í kó àìsàn sínú ìwé ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lókèèrè. Ṣé o fẹ́ kó máa sáré bọ̀ lójú títì, kí ọkọ̀ lọ dojú dé? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá ti dénú rẹ̀, á di odindi."

Gbogbo ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ wa ló mọ ohun tí obìnrin yẹn ṣe. Bí àgbà bá pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì bi í léèrè iye ìgbà tí òun pè é, ọmọ á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á dáhùn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni, torí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ wúwo. Wọ́n ti pe èmi náà bẹ́ẹ̀ rí, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé bàbá mi ti kú. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo wọ yàrá, mo tẹ́ ìwé sórí tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó ní kí n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ìyá gbọ́ Yorùbá, ọmọ gbọ́ Yorùbá, èmi náà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń lá àlá. Ní ìgbà náà, lójú mi, ohun tó bá ń jẹ́ lẹ́tà, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Mo dé ibi Àjàní, Àjàní, Àjàní, mo rántí bàbá olùkọ́ ní Kútọ̀. A kì í tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, ká má tíì sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ "My dear son." Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pè ọ́, mo fò ó. Mo kọ pé ara òun le, mo kọ ti ilé, mo kọ ti ewúrẹ́, mo kọ pé òun ti gbin àgbàdo. Nígbà tí mo dé ibi tó ti fẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀ kí àgbàdo tó gbó, inú mi dùn, ẹ ò jẹ́ mọ bó ṣe dùn tó. Ibi tí mo ti ń wá nìyẹn. Mo kọ ọ́ gbọnrangandan: "I look forward to seeing you." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ti fi gbólóhùn yẹn ránṣẹ́ sí ènìyàn gidi, ní àdírẹ́sì gidi, tó lè dá a lóhùn. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ọ̀dẹ̀dá, n kò sì mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló bá a, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi dáhùn. Ó dúpẹ́, ó ní inú òun dùn pé ara Màmá le, ó ní iṣẹ́ pọ̀, ó ní Kérésìmesì ni òun máa wá. Òun náà parí rẹ̀ pé òun ń retí àtirí ìyá òun, ó sì kọ "seeing" bó ṣe yẹ. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, ohun tí mo kọ́kọ́ wò nínú lẹ́tà ọmọ sí ìyá nìyẹn. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Nígbà tí mo sọ Kérésìmesì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gẹ́ tó ń bó.

"Kérésìmesì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àbẹ̀ní, ṣé o kọ ọ́ pé mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta?"

Ó yẹ kí n sọ òótọ́. Ẹnu mi ti yà fún un. Ṣùgbọ́n èmi ni Tíṣà, èmi ni mo mọ̀wé ní gbogbo abúlé yẹn, báwo ni mo ṣe máa sọ pé mo yọ ọ̀rọ̀ àgbà kúrò torí pé kò bá ìwé mu? Mo ní, "Mo kọ ọ́, mà."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ó dáa. Ẹni tí ìyá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò jẹ́, a kì í pè é lẹ́ẹ̀kẹrin."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbọ́ "Àjàní ń bọ̀" mọ́. Ó ṣì ń pè mí ní Àbẹ̀ní ní àràárọ̀, kódà ó ń fà á gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni pé èmi ló kù ú kù. Mo ń jẹ́ ẹ, ara mi sì ń bù máṣọ. Mo mọ̀ pé lẹ́tà mìíràn lè tún un ṣe. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni màá kọ ọ́. Òjò rọ̀, àgbàdo yọ irùkẹ̀rẹ̀, ìdánwò mi ń súnmọ́lé, ọ̀la kò sì dé. Nígbà tí Màmá kò wò mí mọ́ tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé etí ló ń kọ sí mi, mo máa ń yára jáde nínú ilé. Kò sí ìgbà tí mo dá wà láyé mi tó ti ìgbà yẹn, tí ènìyàn méjì wà nínú ilé kan ṣoṣo, tí ọ̀kan ń gbé irọ́ mì lójoojúmọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo dé láti ilé-ìwé, mo bá a tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti yọ fọ́tò ọmọ rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó gbé e sínú oòrùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án, ó sún un síwá, ó sún un sẹ́yìn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Àbẹ̀ní, ìwọ ni? Wá bá mi wò ó. Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín níbí yìí? N kò rántí mọ́ bóyá ó rẹ́rìn-ín."

Mo wò ó. Mo ní, "Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, mà."

"Ọlọ́run ṣeun," ó ní, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀ nu gíláàsì náà.

N kò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo padà sí kíláàsì tó ṣófo, mo jókòó sí àga ọmọ, mo sì kọ lẹ́tà ní Yorùbá, ohun tí n kò ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ní ìwé mẹ́fà. "Àjàní, Àjàní, Àjàní. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pè ọ́?" Mo kọ ti ilé, mo kọ ti ewúrẹ́. Mo kọ ọ́ pé àgbàdo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó. N kò fọwọ́ sí i, n kò sì sọ pé mo ń retí ohunkóhun. N kò sọ fún Màmá.

Ọjọ́ kọkànlá tí mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ni ọmọ náà dé. Mo ń ti ilé-ìwé bọ̀, mo rí báàgì kan lójúde, eruku ti bò ó. Nínú pálọ̀, ọkùnrin inú fọ́tò ti kúnlẹ̀, ó ti sanra díẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú rẹ̀ kiri, ó ń fọwọ́ kan iwájú orí, ó ń fọwọ́ kan etí, ó ń fọwọ́ kan àgbọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan ló kù tó ń rí ní ìgbà yẹn. Ọmọ náà ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ pè mí. Ọjọ́ tí lẹ́tà tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo gbéra. Kí ló dé tí ẹ kò ti pè mí tẹ́lẹ̀?"

"N kò pè ọ́ kẹ̀? Láti ìgbà tí mo gbin àgbàdo ni mo ti pè ọ́."

"Ìyẹn àkọ́kọ́? Ìyẹn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ?" Ó ti àpò yọ ìwé méjì. "Màmá, irú èyí ni gbogbo wa ń kọ síra wa. Mo rò pé ẹ kàn ní kí wọ́n bá yín kí mi ni."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi kò tó oṣù mẹ́rin. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, ti bàbá olùkọ́, ti yíǹkì pupa, ti irọ́ tí mo pa nídìí ẹ̀gẹ́. Nígbà tí mo sọ tán, Màmá kọjú sí ibi tí ohùn mi ti ń wá.

"Kí wá ni o kọ sí i, níbi tí mo ní kí o sọ pé mo fẹ́ wo ojú rẹ̀?"

Mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Mo kọ ọ́ pé ẹ ń fojú sọ́nà dè é, mà."

"Ojú wo?" ó ní.

Kò pariwo. Kò bú mi. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó bu oúnjẹ fún mi bó ṣe ń bù ú fún mi tẹ́lẹ̀, ẹran sì wà nínú rẹ̀. Mo lọ sùn, mo ń sọ fún ara mi pé ó ti tán, pé ọmọ ti dé, pé àgbà kì í di ọmọdé sínú. Ní àárọ̀, mo jáde, mo kúnlẹ̀ bí ìṣe mi, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Mo dúró.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà," ó ní. "Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí gbogbo ará abúlé. Ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí mo tó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń kí mi títí mo fi kúrò níbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò ṣẹ̀ mí, kò fi nǹkan kan dù mí, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mi ní búburú fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn kó oríkì mi nílẹ̀ ni, bí ènìyàn ṣe ń kó láfún nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà sí Kàdúná, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá kó tó wálé. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá mi bí ó bá dé, "Àjàní, Àjàní," àti ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá ṣí ìwé, n kò ní ka nǹkan kan.

Mo yege nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà ni wọ́n ní ká kọ, mo sì parí rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Màmá ní kí ọmọ aládùúgbò mú òun dé ibi ọkọ̀. Ó gbé láfún fún mi, ó ti sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí èèpẹ̀ má bàa wà nínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́, mo ń retí. Ó ní, "Ó dàbọ̀, Tíṣà. Ọlọ́run á ṣọ́ yín." Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín kí n tó gbọ́.

Mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ká pẹ̀lú yíǹkì pupa lójú kíláàsì. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ilé mi ní Abẹ́òkúta tóbi, ó sì dákẹ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní òkè òkun. Ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní, ó sì máa ń parí rẹ̀ pé òun ń retí àtirí mi. Kò ṣì í rí. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ní oṣù tó kọjá, mo kọ oríkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pè é. Ó fi òǹkà "3" nìkan dáhùn, pẹ̀lú àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín. N kò bínú sí i. Nígbà tó wà lọ́mọdé, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń pè é, báwo ló ṣe máa mọ̀?

Àwọn tó lè pe èmi náà ti lọ tán. Ìyá mi ti lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìtòkú ti lọ. Alhájà ni àwọn aládùúgbò ń pè mí, Tíṣà ni àwọn tó mọ̀ mí láti àtijọ́ ń pè mí, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún mi gidigidi. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mo bá kírun tán, tí n kò tíì dìde lórí ẹní, tí ilé dákẹ́ débi tí mo ń gbọ́ ìró aago ara ògiri. Màá kó ọwọ́ mi méjèèjì lé orókùn, màá rọra wí pé, "Àbẹ̀ní. Àbẹ̀ní. Àbẹ̀ní. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pè ọ́?" Màá sì dá ara mi lóhùn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni, mà.